Afárá Ojú Ewé Kẹfà

Kí inú tó ń bí mi tó rọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìtàn Ọnọ́rébù Dìpẹ̀ Fáwùnmí fún yín. Tí mo bá fi di ọ̀la, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀, ìtàn náà á sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn Mónìyà, ní ọ̀nà oko. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ní ilẹ̀ kékeré kan níbẹ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Níbẹ̀ ni Dìpẹ̀ ti jẹ́ kánsẹ́lọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹ lè bi mí pé àlejò wo ló ń lọ síbi tó jẹ́ pé oko gbágùúdá àti oko ata ló kún ibẹ̀. Ìbéèrè yín dára. Kí Dìpẹ̀ tó dé ipò náà, kò sí àlejò. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò sí àlejò náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kò múra dè wọ́n.

Ọkùnrin náà ga, ó sanra, agbádá rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìwà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀: kì í yà fún ẹnikẹ́ni lọ́nà. Bí ó bá pàdé arúgbó, arúgbó ni yóò yà. Bí ó bá pàdé aláboyún, aláboyún ni yóò yà. Lọ́jọ́ kan, ó pàdé agbo màlúù lójú ọ̀nà oko. Ó dúró, àwọn màlúù náà dúró. Wọ́n wo ara wọn títí, kí darandaran tó kó màlúù rẹ̀ gba inú koríko lọ. Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì pé Ọnọ́rébù ti parí ìjà màlúù àti àgbẹ̀ ní agbègbè wa.

Sàníù ni akọ̀wé náà ń jẹ́. Sàníù kàwé, ó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta, kò sì burú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà." Bí Dìpẹ̀ bá sín, á ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà." Láràárọ̀, á fi aṣọ nu àga Ọnọ́rébù, á sì bá àga náà sọ̀rọ̀ pé kó fara balẹ̀, ẹni ńlá ń bọ̀. Tí Dìpẹ̀ bá wọlé, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó kù á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún dọ̀bálẹ̀. Ọnọ́rébù ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn: ìdọ̀bálẹ̀ àkọ́kọ́ wà fún ọjọ́ orí òun, èkejì wà fún ipò.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Abà Ṣàngówálé. Odò tó ń jẹ́ Ọlọ́pọ̀lọ́ ló là á kúrò lára ọ̀nà ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, omi náà kì í ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á kan àyà. Ata, tòmátò àti ilá tó ń ti abúlé yẹn lọ sí ọjà Ṣáṣá, orí ni àwọn obìnrin fi ń rù ú la omi kọjá. Ẹni tí kò bá lè wọ omi, géńdé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mikail tó máa ń pọ̀n ọ́n. Ó ti pọn olùkọ́, ó ti pọn lèmọ́mù, ó sì ti pọn àwọn tó wá tọrọ ìbò, tí wọ́n ṣèlérí afárá fún un lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ó gbé Fàdìlàt, obìnrin abúlé náà kan tó ń rọbí, wọ́n ń lọ sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọmọ kò dúró dè wọ́n. Etí odò ni wọ́n ti bí i, nínú òjò. Ọpẹ́ ni pé tìyátọmọ ló yè. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Abíọ́nà.

Ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ ni Àjọkẹ́, olórí àwọn aláta abúlé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Kifayah. Ó fi aṣọ orí ara rẹ̀ gba ọmọ yẹn. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ lẹ́tà. Ó kọ sí káńsù, kò rí èsì. Níkẹyìn, ó kọ sí ẹgbẹ́ kan ní Èkó tó ń ṣe afárá fún àwọn abúlé àgbẹ̀, àwọn yẹn sì fèsì. Wọ́n ní afárá kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ àwọn lọ́dún yìí, abúlé méjì ló sì ń tọrọ rẹ̀: Abà Ṣàngówálé, àti abúlé kan níhà Lágelú. Àwọn á wá sùn sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn á wò ó, abúlé tí ìyà rẹ̀ bá pọ̀ jù ni àwọn á fún.

Nítorí pé wọn kò mọ Ìbàdàn, wọ́n kọ lẹ́tà sí káńsù pé kí wọ́n jọ̀wọ́ júwe ibi tí àlejò lè sùn, ibi tó ti lè jẹun, àti ohun tó yẹ kí ó rí. Ìlà mẹ́rin péré ni lẹ́tà náà. Ìwé olójú ewé mẹ́rìnlélógójì ni Dìpẹ̀ fi fèsì rẹ̀.

"Sàníù," ó wí, "àlejò dé."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, sà."

"Ta ló mọ Ìbàdàn tó mi?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó yín kò tíì wáyé, sà. Ìyá rẹ̀ gan-an ò tíì lọ́kọ."

Ẹ gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ o. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ẹsẹ̀ Dìpẹ̀ ti wọ ìgboro Ìbàdàn gbẹ̀yìn. Kò fẹ́ràn ibẹ̀ mọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń yà fún un níbẹ̀. Alábàrù kan ni ó tì í sínú kòtò omi ìdọ̀tí lọ́jọ́ náà, tí kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wo ẹni tí òun tì. Ọkùnrin yìí ló wá jókòó, tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tó ń ka ìmọ̀ràn fún akọ̀wé rẹ̀ kọ.

"Ìmọ̀ràn kìíní. Kí àlejò tó wọ Ìbàdàn, kí ó dúró ní bodè, kí ó ronú jinlẹ̀ lórí oríire tó bá a."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó, sà?"

"Mẹ́ta. Kí wọ́n má pẹ́ jù, mo ń retí wọn. Ìmọ̀ràn kejì. Kí àlejò sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì àna mi, ilé alágbára tí iná kì í kú níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ìkẹta. Kí ó jẹun ní ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá igi máńgòrò méjì, ibi tí èmi fúnra mi ti jẹ dùǹdú àti ẹyin díndín, tí alásè sì sọ pé òun kò tíì rí ẹni tó jẹun tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìkẹrin. Kí àlejò má bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí ó tó bọ Ọnọ́rébù lọ́wọ́. Ìkarùn-ún." Ó dáwọ́ dúró, ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Àlejò kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun tí ará ìlú bá rí ni wọ́n máa ń sọ, ohun tí wọ́n sì rí kì í fi gbogbo ìgbà bá ètò ìjọba mu."

Bírò Sàníù dúró. "Sà, ṣé àwọn àgbà kò sọ pé abéèrè kì í ṣìnà?"

"Àwọn àgbà wo? Ṣé wọ́n ní ipò nínú káńsù?"

"Rárá, sà."

"Máa kọ ọ́ lọ."

Ojú ewé kẹfà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Kí ó lè yé yín: lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Dìpẹ̀ kó èèyàn lọ sí etí odò Ọlọ́pọ̀lọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé AFÁRÁ ỌNỌ́RÉBÙ DÌPẸ̀ FÁWÙNMÍ. Wọ́n ní afárá ń bọ̀ lẹ́yìn pátákó. Títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí, pátákó nìkan ló dé. Ṣùgbọ́n Dìpẹ̀ ti wo orúkọ rẹ̀ lára pátákó yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí odò mọ́. Ohun tó ní kí Sàníù kọ nìyí:

"Ní Abà Ṣàngówálé, àlejò yóò rí afárá Ọnọ́rébù, arẹwà afárá, alágbára afárá, tó ń gbé tọmọdé tàgbà kọjá láìsí ìnira. Kí àlejò dúró ní àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kí ó wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kọjá."

Sàníù mú ẹ̀dà ìwé náà kan lọ sílé fún Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀. Fàtímọ̀ mú un lọ sí ìsọ̀ ata, ó kà á sókè káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Àjọkẹ́. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ̀nà káńsù.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, ó kúnlẹ̀. "Mo rí ìwé yín."

"O rí i? Ó dùn, àbí?"

"Ó dùn, sà. Ojú ewé kẹfà ló gbé mi wá. Ẹ ní a ní afárá."

"A ní in. Ṣé o ò rí pátákó ni?"

"Mo rí i, sà. Òun ni mo máa ń dì mú tí omi bá fẹ́ gbé mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà, abúlé tí kò ní afárá làwọn èèyàn yẹn fẹ́ fún ní afárá. Tí wọ́n bá ka ìwé yìí, Lágelú ni wọ́n máa gbé e lọ. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò."

Dìpẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Ìyá Kifayah, tí àlejò bá ń bọ̀ nílé rẹ, kí lo máa ń ṣe?"

"Mo máa ń gbálẹ̀, sà."

"Aṣọ tó ti ya ńkọ́?"

"Mo máa ń kó o wọ yàrá."

"Ṣó o rí i? O ń kó o pamọ́. Odò yẹn ni aṣọ wa tó ya. Ìwọ wá fẹ́ kí n tẹ́ ẹ sójú àwọn ará Èkó, kí wọ́n lọ máa sọ pé a ò ní nǹkan?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò yé. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ojú àlejò là á jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là á san án. Èmi tí mò ń bú Dìpẹ̀ yìí náà ti yá àga aládùúgbò rí nígbà tí àna ń bọ̀, mo sì sọ pé tèmi ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà fi ń dùn mí.

Àjọkẹ́ ronú díẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ, sà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé télọ̀ ni àlejò náà, tó gbé maṣíìnì rẹ̀ lórí wá, tó ní òun fẹ́ rán aṣọ tó ya fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé a máa kó o pamọ́ fún un?"

Sàníù lanu. Ẹ mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé kí ó tó jáde.

"Ìwé ti dé Èkó," ni Dìpẹ̀ dáhùn, ó sì dìde. "Ohun tí ìjọba bá ti tẹ̀ sínú ìwé, ó ti wà. Bí kò bá sí nílẹ̀, ilẹ̀ ló jẹ̀bi." Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, Àjọkẹ́ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ló sún fún un.

Àwọn àlejò dé ní ọjọ́ Ajé. Méjì ni wọ́n: Títíladé, obìnrin ẹnjiníà tó jẹ́ olórí wọn, àti Safwan tó ń wa ọkọ̀, tó sì ń ya fọ́tò. Ọmọlúwàbí ni wọ́n. Wọ́n dúró ní bodè, wọ́n ronú lórí oríire wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọlọ́pàá sì bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n wá hòtẹ́ẹ̀lì lọ. Ilé náà wà lóòótọ́, iná kì í sì í kú níbẹ̀ tọ̀sán tòru lóòótọ́. Àwọn òròmọdìyẹ tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń yá iná náà. Àna Dìpẹ̀ ti sọ ọ́ di ilé adìyẹ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n wá ilé oúnjẹ lọ. Igi máńgòrò méjèèjì wà níbẹ̀, ẹni tó ń lẹ táyà ló jókòó sábẹ́ wọn.

"Alásè yẹn ti kó lọ ó pẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Mo lè bá yín fẹ́ táyà. N ò ní ẹyin."

Wọn kò bi í léèrè ibòmíràn, nítorí ìmọ̀ràn karùn-ún. Bísíkíìtì ni wọ́n jẹ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ojú ewé kẹfà gbọ́, torí ta ni yóò purọ́ afárá? Èèyàn lè ṣèèṣì nípa ẹyin díndín, afárá kì í ṣe ohun tí à ń gbàgbé síbì kan. Títíladé pe Dìpẹ̀ lórí fóònù.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú ìnáwó ìwé o. Níwọ̀n bí ẹ ti ní afárá, a máa gbé tọwọ́ wa lọ sí Lágelú. Ṣùgbọ́n a máa wá ya fọ́tò tiyín lọ́túnla, kí wọ́n lè rí àpẹẹrẹ."

Fọ́tò nìkan ni Dìpẹ̀ gbọ́. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi jẹ iyán tán, ó ń fi omi ṣanwọ́ kí ó tó rántí pé fọ́tò afárá ń fẹ́ afárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n ṣe ìpinnu. Wọ́n á ta kánópì sí etí odò níhà ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n á kọ ẹ̀yìn àga Ọnọ́rébù sódò, wọ́n á sì ta aṣọ funfun gbọọrọ sẹ́yìn kánópì, kí àlejò má lè rí omi. Wọ́n á sọ fún wọn pé afárá wà lẹ́yìn aṣọ, pé ọjọ́ mìíràn ni wọ́n máa ṣí i lójú, nítorí ọlá tó wà lára rẹ̀. Sàníù ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń fà. Wọ́n tún ránṣẹ́ sí abúlé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ odò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ọkọ̀ akẹ́rù káńsù kò ní gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Ṣáṣá mọ́.

Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí àwọn obìnrin ń kó ata jáde. Ata tó bá sun oorun ọjọ́ kan sí i nínú agbọ̀n, ó ti ń rà. Wọ́n wá bá Àjọkẹ́, wọ́n bi í léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀rù bà á, ó sì sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń ba òun. Afárá ti fẹ́ lọ, ọkọ̀ akẹ́rù náà tún fẹ́ lọ. Ó wo Abíọ́nà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ẹ ṣe bí ẹ ti máa ń ṣe," ó wí. "Ká má fi kún un, ká má yọ níbẹ̀."

Nígbà tí ìpàdé ń lọ ní káńsù, ebi lé Safwan sọ̀ kalẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ó sì dẹ́ṣẹ̀. Ó béèrè. Obìnrin aláta kan tó ń jẹ́ Rùqáyyàh ló bi.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, ẹ sì jẹ bísíkíìtì?" Rùqáyyàh gbé àpótí fún àwọn méjèèjì. "Ẹ jókòó. Ẹ mu fùrá lọ́dọ̀ Hajia tó wà lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ ní kó má fi ṣúgà púpọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ wàrà lẹ fẹ́, òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ rà á. Ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ má lọ jìnnà, ilé àlejò kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, omi ń yọ níbẹ̀, àwọn tó ni ín ò sì kí ń pariwo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Ìbàdàn, ẹ lọ sórí òkè ní ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ wo àwọn páànù orí ilé. Tí ọlọ́kadà bá ní òun mọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ ibẹ̀ tán, ẹ má gùn ún. Kí lẹ tiẹ̀ wá ṣe?"

Wọ́n fi ojú ewé kẹfà hàn án. Rùqáyyàh kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Afárá wo? Àjọkẹ́ ni mo ń ra ata lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ata tẹ́ ẹ rí yìí ló ti wẹ odò kó tó débí."

 Títíladé mu fùrá rẹ̀ tán, ó pa ìwé dé, ó sì ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra de òun. Rùqáyyàh júwe ọ̀nà ẹ̀yìn oko fún wọn, ọ̀nà àlùpùpù tó yí po, wákàtí mẹ́ta gbáko nínú ẹrẹ̀, tí èèyàn á fi já sí abúlé ní òdìkejì odò.

Ọjọ́ pé. Kánópì dúró, aṣọ funfun dúró, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Dìpẹ̀ wọ agbádá tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló bá a gbé etí rẹ̀. Wọ́n retí àlejò títí, wọn kò rí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Nígbà tó sú u, Dìpẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ńlá kì í dúró de ẹnìkan, ó gbé màíkì tí kò ní wáyà, ó bẹ̀rẹ̀. Àga òfìfo ló pọ̀ jù níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn aṣọ, lẹ́yìn omi, Títíladé àti Safwan jókòó sórí gbòǹgbò igi, ẹrẹ̀ dé wọn ní orúnkún, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin àlejò pàtàkì tí ẹ wà lọ́nà," ó ké, ẹ̀rọ sì gbé ohùn rẹ̀ ká gbogbo oko, "ta ló gbé afárá wá síbí? Ṣé ẹni tó kúrú ni? Nígbà tí mo rí ìyà àwọn èèyàn mi, oorun kò kùn mí. Mo sọ fún odò yìí pé, ìwọ odò, ó tó gẹ́ẹ́. Odò sì gbọ́. Lónìí, wọn kò mọ bí omi ti ń tutù mọ́. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ tẹ́tí, ẹ óò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí afárá."

Wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni omi: obìnrin mọ́kànlá, agbọ̀n lórí, wọ́n ń la odò bọ̀. Àárín aṣọ funfun yẹn gan-an ni ipa ọ̀nà gbà. Mikail ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó pọn lèmọ́mù, kò sì ríran dáadáa nítorí agbádá lèmọ́mù bò ó lójú. Ó rìn wọnú aṣọ náà, ó sì fà á lulẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa," ó wí, omi ń ro lára rẹ̀.

Dìpẹ̀ yíjú padà. Ó rí odò. Mo gbà pé ọjọ́ náà ló tó rí i láti ọdún mẹ́ta. Ó rí àwọn obìnrin tí omi kàn láyà, ó sì rí Títíladé ní òdìkejì, tó dìde, tó ń juwọ́ sí i.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú ètò o. Àlejò yín ti dé. A ò tíì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ̀yin là ń dúró dè. Ẹ gorí afárá wá bá wa."

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó wo Sàníù. "Sàníù, afárá wà, àbí kò sí?"

Sàníù wo àga, ó wo odò, ó wo ata tó wà lórí àwọn obìnrin náà, èyí tí Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń sè fún un jẹ. "Kò sí, sà," ó wí.

Onílé tí kò bá lọ pàdé àlejò, kò sí ohun tó kù tí wọ́n á máa pè é. Dìpẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gun ẹ̀yìn Mikail, agbádá rẹ̀ bo Mikail láti orí dé ìdí, wọ́n sì wọ odò. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Mikail dúró.

"Kí ló dé?"

"Ojú ewé kẹfà, sà. Ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ wo ọ̀tún."

"Mikail, máa lọ."

"Ẹ wo òsì, sà."

Ibẹ̀ ni Àjọkẹ́ ti bá wọn, agbọ̀n ata lórí, omi dé e láyà. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín ní bèbè méjèèjì. Òun kò rẹ́rìn-ín. 

"Ọnọ́rébù," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ ò ní kú, ẹ ò ní rùn. Ẹ sọ fún wọn. Tẹnu yín ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹnu yín ló lè yọ ọ́. Ṣé a ní afárá?"

Dìpẹ̀ wo omi tó ń fa etí agbádá rẹ̀ lọ. Ó wo obìnrin náà. "A ò ní," ó rọra wí. "A ò ní afárá kankan."

Ó gbàgbé pé màíkì ṣì wà lọ́wọ́ òun. Gbogbo oko ló gbọ́ ọ, títí dé abúlé kejì. Ní òdìkejì, Títíladé yọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó ku ẹyọ kan, sà," ni Mikail wí. "Ìdúpẹ́."

"O ṣé, Mikail," ni Dìpẹ̀ dáhùn. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré ní àwọn kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé irọ́ ló lé Dìpẹ̀ kúrò nípò o, ẹ ò mọ ìlú yín nìyẹn. Alága káńsù ní kí wọ́n mú ìwé náà wá kí òun wo ohun tí wọ́n ń pariwo sí. Ó kà á láti ojú ewé kìíní dé ìkẹrìnlélógójì, ó wá orúkọ ara rẹ̀, kò rí i. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n gba àga lọ́wọ́ Dìpẹ̀. Obìnrin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Sàníù sì ti ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, mà," ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó máa ń ronú díẹ̀ báyìí kí ó tó sọ ọ́. Ní ti ìwé náà, àwọn ẹlẹ́pà ní Mónìyà ló ń fi í pọ́n ẹ̀pà.

Afárá dé kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, afárá onírin, kò fẹ̀ púpọ̀. Títíladé bi wọ́n pé kí ni kí òun kọ sí i, wọ́n ní kí ó kọ Abíọ́nà.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kan. Mo rí Dìpẹ̀ tó ń bọ̀ ní òun nìkan, nínú bùbá lásán. Kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká má tíì sọ ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó dé àárín afárá, ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹjú mọ́ omi tó ń lọ lábẹ́. Ó ti ju ìṣẹ́jú kan lọ nígbà tí Àjọkẹ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ata, ẹsẹ̀ gbígbẹ.

"Ọnọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi. Ẹrù ń wọ̀ mí lọ́rùn."

Dìpẹ̀ wẹ̀yìn. Ó wo agbọ̀n, ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ó fẹ̀yìn ti irin afárá, ó fa bùbá rẹ̀ mọ́ra kí ó má baà kan ẹrù.

"Ẹ máa kọjá, Ìyá Kifayah," ó wí. "Ẹ rọra."